Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún pé mo ní ọ́tísíìmù?

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 29 ni mí. Èṣí ni dókítà yẹ̀ mí wò tó sì sọ pé mo ní ọ́tísíìmù. Màmá mi ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, pé bí wọ́n bá gbọ́, n kò ní rọ́kọ fẹ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní mo gbéra ga torí pé n kì í wojú èèyàn. Bí mo bá délé lálẹ́, ẹnu mi kì í ṣeé là mọ́. Ìdíbọ́n ti sú mi. Ṣé kí n kúkú sọ fún gbogbo ayé?"

Àbúrò mi, má sọ fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́tísíìmù, ìyẹn bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, kì í ṣe ohun ìtìjú, àmọ́ ẹyin lohùn. Ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan ni kí o máa bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ fipá wojú èèyàn, tó ń ṣírò ìgbà tó yẹ kó rẹ́rìn-ín, tó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà máa jù ú, iṣẹ́ méjì ló ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn olùwádìí ti rí i pé irú ìfarapamọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń bá àníyàn àti ìsoríkọ́ rìn. Bó bá pẹ́, ó ń di àárẹ̀ tí oorun kì í mú lọ: ariwo tí o ti ń fara dà tẹ́lẹ̀ á wá di ìyà. Nítorí náà, ilé ni kí o ti kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìdíbọ́n. Bí o bá wọlé, lo ìṣẹ́jú 30 nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ jù, láìsí fóònù, láìsí ìbéèrè. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa mì bó ṣe fẹ́. Ohun tí ara rẹ fi ń tù ọ́ nínú nìyẹn.

Ẹ̀rù ló ń ba màmá rẹ. Ó lè máa rò pé wọ́n á ní òun lòun fà á. Nígbà kan rí, àwọn dókítà kan pàápàá di ẹ̀bi ru ìyá, wọ́n ní kò fẹ́ràn ọmọ tó. Irọ́ gbáà ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kọ́ ló fà á: àpilẹ̀kọ ọdún 1998 tó dá ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀, The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, fagi lé e ní 2010. Sọ èyí fún un nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì. Ní ti ọkọ, jẹ́ kó gbọ́ kí ẹ tó dájọ́ ìgbéyàwó. Ẹni tó máa sá á sá náà ni, ó sàn kó tètè sá.

Níbi iṣẹ́, ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni pé èèyàn á dárúkọ ọ́tísíìmù, á sì dákẹ́. Ohun tí olùgbọ́ bá ti wò nínú fíìmù ló máa fi dí àlàfo náà. Kọ́kọ́ dán ẹni tí o fẹ́ sọ fún wò: mẹ́nu ba ẹlòmíràn tó ní in, kí o gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Bó bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, fi í sílẹ̀. Bí ó bá dára, sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí o sì béèrè ohun kan ṣoṣo: "Mo ní ọ́tísíìmù. Bí n kò bá wojú yín ni mo máa ń gbọ́ yín dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ." Kọ ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà, kí ẹ̀rí lè wà. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lé aláìsàn ni, béèrè ohun tí o nílò láìdárúkọ ọ́tísíìmù. "Ariwo ń dà mí láàmú, mo fẹ́ máa fi nǹkan dí etí" ti tó.

Wọ́n á ní, "Kò hàn lára rẹ." Dá wọn lóhùn pé o ń fi pamọ́ ni. Àwọn mìíràn á gbé oògùn wá. Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísíìmù sàn, èyí tí wọ́n sì ń pè ní MMS, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń sọ nǹkan di funfun, bíi bílíìṣì, ni. Má fi kan ẹnu.

Bí àìlèsọ̀rọ̀ alẹ́ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àárọ̀, tàbí tí ikú bá ń wá sí ọ lọ́kàn, lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnìkan sì bá ọ lọ.