Ṣé kí n ki sípánà bọ iná kí n tó máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo máa ń rí àwọn alágbára ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán tẹ sípánà. Èmi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ki sípánà bọ iná títí yóò fi pọ́n, kí n wá jù ú sómi kó lè rọ̀, kí n máa fi ìyẹn dánra wò ná. Ó tún mọ ẹnìkan tó ń ta òróró agbára tí wọ́n fi ń pa ọwọ́. Sípánà nọ́ńbà mélòó ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ọmọ ogún ọdún ni mí.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kò sí nọ́ńbà kankan. Sípánà kọ́ ló kàn ọ́ báyìí, ìṣó ni. Ti òróró, tọ́jú owó rẹ. Irin tó bá kan òróró á máa yọ̀ lọ́wọ́ ni. Ẹfun, tàbí ṣọ́ọ̀kì tí a lọ̀ kúnná, ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi pa ọwọ́ kí òógùn má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Bí onítọ̀hún bá ní mímu ni ti òun, sá fún un.

Ọ̀rọ̀ iná àti omi yìí ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí ìbéèrè rẹ̀ ti ń pọ̀ jù, ó sì lè fọ́ni lójú. Irin kò rí bákan náà. Irin ìṣó àti irin rọ́ọ̀dù tí ara rẹ̀ dán jẹ́ irin rírọ̀, kábọ̀nù, ìyẹn èròjà tó ń mú kí irin le, kéré nínú rẹ̀. Sípánà tí wọ́n kọ CHROME VANADIUM sí lára ní kábọ̀nù tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnu rẹ̀ má baà là nígbà tí o bá ń tú nọ́ọ̀tù. Irú irin bẹ́ẹ̀, bí o bá mú un pọ́n dáadáa nínú iná tí o sì jù ú sómi lẹ́ẹ̀kan náà, kì í rọ̀. Líle ló ń le. Béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ìdí tó fi ń ki ẹnu àdá tó pọ́n bọ omi.

Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sípánà náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń dá a padà sínú iná tí kò gbóná tó ti àkọ́kọ́, kí líle náà lè dín kù díẹ̀, kí irin má baà gan. Ìdajì iṣẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o ṣe. Sípánà tó jáde látinú omi báyẹn kò ní tẹ̀. Á dúró gbagidi títí agbára rẹ á fi ká a, á wá kán pàù lójijì. Ojú rẹ sì kọ́ ni ibi tó jìnnà jù sí i lásìkò náà.

Bí o bá fi í sínú eérú gbígbóná dípò omi, kó tutù díẹ̀díẹ̀, òótọ́ ni pé á rọ̀. Ṣùgbọ́n irin rírọ̀ ló dà yẹn. Bí irin rírọ̀ lo bá ń wá, ṣebí ìṣó wà lọ́jà. Ìwọ náà kò tún ní mọ bó ṣe rọ̀ tó, apá kan lè le ju èkejì lọ. Èyí tó burú jù: ìṣó tàbí bóòtù tí wọ́n fi zinc bò, bó bá wọ iná, èéfín funfun rẹ̀ ń fa ibà àti àyà fífún. Àwọn wẹ́dà mọ ohun tí mò ń wí.

Nítorí náà, má dáná sí nǹkan kan. Ra rọ́ọ̀dù rírọ̀ tí ara rẹ̀ dán, mìlímítà 6 ní ìnípọn, kí wọ́n gé e sí íńṣì 12, 9, 7 àti 6, méjì-mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi fáìlì ha ẹnu wọn kó má mú. Bí irin bá ṣe gùn tó ló ṣe ń rọrùn tó, nítorí ọwọ́ rẹ jìnnà sí ibi tó ń tẹ̀. Ohun tó ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ ni ìnípọn. Láti mìlímítà 6 sí 8, ojú lásán kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n agbára tó ń gbà ju ìlọ́po méjì lọ. Kíkúrú ni kí o máa fi sún síwájú, ìdajì íńṣì lẹ́ẹ̀kan. Ìnípọn á tẹ̀lé e.

Wé ẹnu irin méjèèjì. Àwọn kan ní ojo ló ń wé e, kí wọ́n máa wí. Láìwé e, gbogbo agbára rẹ á dúró lórí ojú kékeré kan ṣoṣo nínú àtẹ́lẹwọ́, irin á sì gún un kó tó tẹ̀. Awọ tó nípọn, tàbí aṣọ jíǹsì ìṣẹ́po méjì, fífẹ̀ íńṣì 4, gígùn íńṣì 12, fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wé e kó fún pinpin, kí àlàfo íńṣì kan ààbọ̀ ṣẹ́kù láàárín.

Èyí tó gùn ní íńṣì 12, fi aṣọ tó nípọn sórí itan, gbé àárín irin lé e, kí o fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí rẹ̀ wálẹ̀. Má gbé e lé orúnkún. Láti íńṣì 7 wálẹ̀, ọwọ́ nìkan ni. Mú un sábẹ́ àgbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sún mọ́ra. Ibi tó ti kọ́kọ́ ń yẹ̀ ló le jù, kó gbogbo agbára rẹ síbẹ̀. Bó bá ti yẹ̀, má sinmi, tì í títí ìdí méjèèjì yóò fi kọjú síra. Lẹ́yìn náà, há ìka mọ́ ìka, gbé e sí iwájú àyà, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ fún un pọ̀. Má dúró pẹ́ láàárín. Má fọwọ́ kan ibi tó tẹ̀, ó máa ń gbóná. Má sì tọ́ èyí tó ti tẹ̀ láti tún un tẹ̀, ó lè kán.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Iṣan ọrùn ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ kì í yára bí ẹran ara. Bí ìka bá ń kú tipiri, tàbí ìgbọ̀nwọ́ ń ta ọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Má sé èémí mọ́nú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìpá tàbí àìsàn ojú, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ìmọ̀ràn tèmi kò rọ́pò tirẹ̀. Gíláàsì ààbò ojú kò ṣeé yọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dúró níwájú rẹ.

Má rò pé ó dìgbà tí o bá tóbi. Joe Greenstein, alágbára kan tí wọ́n ń pè ní The Mighty Atom, tí wọ́n bí ní Poland ní 1893, kò ga, kò sì sanra, ìṣó ńlá sì wà lára ohun tó fi lókìkí. Ìṣó pupa ti IronMind, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irin ìdánrawò fún àwọn alágbára, tí àwọn tòde òní ń lé jẹ́ íńṣì 7, ìnípọn rẹ̀ sún mọ́ mìlímítà 8, ìdí rẹ̀ méjèèjì sì gbọdọ̀ sún mọ́ra tó íńṣì 2. Ìyẹn ṣì jìnnà sí ọ.

Bó bá di ti bóòtù, wo orí rẹ̀, nọ́ńbà ibẹ̀ ló ń sọ bí irin náà ṣe le tó. Èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí ju 4.6 lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Má fọwọ́ kan 10.9.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sípánà. Mú èyí tó gùn, tó sì pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi òòlù lù. Èyí tí wọ́n yọ́ irin rẹ̀ dà sínú ìkòkò alápá méjì tó ní àwòrán sípánà máa ń kán láìkìlọ̀; o lè rí ìlà ibi tí apá ìkòkò méjèèjì ti pàdé àti ihò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ ni kí o tẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ ní òró. Ní òró, ó lè ju ìlọ́po méjì lọ. Ohun dídán tí wọ́n fi bò ó á bó bó ṣe ń tẹ̀, ó sì mú bí abẹ, nítorí náà kí awọ bo àárín rẹ̀ náà. Fáìlì, bíìtì dírílù, ayùn, ṣísẹ́ẹ̀lì àti élì-kíì kò sí nínú eré yìí rárá. Kíkán ni wọ́n ń kán.