Kí ni ìdákọ̀ró ń ṣe lára ibojì Kristẹni?

Mo ka èsì tí ẹnìkan fún ẹni tó béèrè ìdí tí ìdákọ̀ró fi wà lára ibojì àwọn Kristẹni ìgbàanì ní Róòmù. Ó ní atukọ̀ ni wọ́n sin síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú èyí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Ní 1802, wọ́n rí ibojì kan ní itẹ́ òkú abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Priscilla. Amọ̀ sísun ni wọ́n fi dí i, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kí àlàáfíà wà pẹ̀lú Filumena, wọ́n sì ya ìdákọ̀ró sí i. Orúkọ obìnrin nìyẹn. Ọkọ̀ wo ló tù?

Ìrètí ni ìdákọ̀ró yẹn. Ẹ ṣí Hébérù 6:19. Ẹja àti àdàbà tí wọ́n tún máa ń yà, tẹrú-tọmọ ló mọ̀ ọ́n, n kò ní dúró lórí ìyẹn.

Ohun tí àwọn èèyàn kò kà sí ni pé Róòmù ti ní ìrètí tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òrìṣà ni wọ́n fi ṣe, Spes lorúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀ wà lọ́jà ẹ̀fọ́. Nígbà tí Claudius jọba ní ọdún 41, ó tẹ òrìṣà yìí sára owó, ó pè é ní Spes Augusta, ìyẹn ni pé ìrètí ìlú ti di ti ilé ọba. Lójú tèmi, èsì sí owó yẹn ni ìdákọ̀ró: a ti so tiwa mọ́ ibi tí ọwọ́ ọba kò tó.

Kì í sì í ṣe ìrètí ìkáwọ́gbera. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn jà ní Alẹkisáńdíríà láàárín ọ̀rúndún kẹta, Dionysius, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, kọ̀wé pé àwọn abọ̀rìṣà ń ju èèyàn wọn tí kò tíì kú síta, àwọn ọmọ ìjọ sì ń tọ́jú aláìsàn títí àwọn náà fi kó o, tí wọ́n kú. Lónìí, ẹ dárúkọ ìrètí ní ṣọ́ọ̀ṣì, físà àti kọ́ńtíráàtì ló ń sọ sí wọn lọ́kàn. Ó ká mi lára.

Nígbà tí ọba fúnra rẹ̀ di Kristẹni, ìdákọ̀ró ti ṣọ̀wọ́n lára ibojì. Ní 327, Constantine tẹ owó kan ní ìlú tuntun rẹ̀: àsíá ọba tó ní àmì Kristi lórí ló gún ejò mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ “Spes Public” sí i, ìrètí ará ìlú.