Ọ̀lẹ kọ́ o

Àbúrò mi, o ní bí alẹ́ bá ti lẹ́ tí o fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ẹkún ni, o wá ń bi wá bóyá ọ̀lẹ ni ọ́. Ọ̀lẹ kọ́! Nọ́ọ̀sì lèmi náà, n'Íbàdàn níbí. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé wàhálà iṣẹ́ tí a ò bójú tó ló ń fa ohun tí wọ́n ń pè ní "burnout", ìyẹn kí iṣẹ́ tán èèyàn lókun pátápátá. Wọn ò tiẹ̀ pè é ní àìsàn.

Ọjọ́ tí mo jágbe mọ́ ìyá arúgbó kan torí omi mímu ni mo mọ̀ pé ó ti mú mi. Omi lásán o! Mo wọ Micra ní Mọ́kọ́lá, ó gbé mi kọjá ilé, mi ò mọ̀. Mátírọ́nì ló yọ mí kúrò níṣẹ́ alẹ́ fún oṣù kan. Lọ bá tìẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lẹ rósítà tuntun.