Èsì: Antibody EGFR tó ń ṣiṣẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì, tí kò ṣiṣẹ́ lórí western blot

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Ẹ ní antibody yín (protein tó ń dá ohun kan pàtó mọ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn) ń mú EGFR, ìyẹn receptor (protein tó ń gba àmì) tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì, dáadáa lára sẹ́ẹ̀lì A431 (sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ènìyàn tí EGFR pọ̀ lára rẹ̀) tó ṣì wà láàyè, àmọ́ western blot yín (ìdánwò tí wọ́n ti ń to protein bó ṣe tóbi sí, kí antibody tó wá a) funfun báláú. Ó ṣeé ṣe kí antibody náà má ní àléébù kankan. Apá receptor yìí tó yọ síta sẹ́ẹ̀lì ká kò bí okùn tí wọ́n ta ní kókó, ìrísí kókó yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ irú antibody bẹ́ẹ̀ ń dá mọ̀. Bí ẹ bá ti fi SDS (irú ọṣẹ kan tó ń tú protein) sè é, tí kẹ́míkà DTT sì já àwọn ìdè sulfur inú rẹ̀, kókó ti tú nìyẹn. Ẹ wo ìwé tó bá a wá: bí wọn ò bá dárúkọ western blot níbẹ̀, ẹ má fi agídí ṣe é. Ẹ wá antibody tó ń mú apá EGFR tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì máa wo nǹkan bí 170 kDa (kDa ni wọ́n fi ń wọn bí protein ṣe wúwo tó), kì í ṣe 134 tí ìṣirò amino acid máa fún yín. Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ọn ló fà á.

Ní ti trypsin (enzyme tó ń gé protein, tí wọ́n sábà fi ń ṣí sẹ́ẹ̀lì), ẹ jọ̀ọ́, kẹ́míkà EDTA ni kí ẹ fi ṣí sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú abọ́. Trypsin a máa gé ohun tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì (èmi náà ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò nídìí ẹ̀ rí). Orí yìnyín ni kí ẹ ti fi antibody sí sẹ́ẹ̀lì, kí receptor má baà wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ. Fún ìfiwéra, ẹ má gbàgbé isotype control (antibody irú kan náà tí kì í mú EGFR), àti sẹ́ẹ̀lì CHO (sẹ́ẹ̀lì ẹranko hamster) tí kò ní EGFR.