Ẹni tó ń tọ́jú Màmá ní London

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èyí tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ máa ka owó sọ́wọ́ obìnrin tó ń tọ́jú Màmá ní London láìsí ìwé kankan yẹn, ẹ má dán an wò o. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́, tẹ́ ẹ̀ ń sọ ìgbà tó máa wá, tẹ́ ẹ sì ń sanwó ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ lẹ jẹ́ lójú òfin. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé ẹ̀ gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, ìyẹn àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa fún un ní payslip. Ní April 2025 wọ́n sọ owó tó kéré jù tẹ́ ẹ lè san fún wákàtí kan di £12.21 fẹ́ni tó ti pé ọdún 21, April-April ni wọ́n sì máa ń yí i padà. Ìsinmi olówó tún wà, ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún.

Èyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù ni ìnṣọ́ráǹsì ọ̀gá, èyí tó máa bá yín sanwó tí òṣìṣẹ́ yín bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́; ó gbọ́dọ̀ lè san tó £5 mílíọ̀nù, ó kéré tán. Èmi náà ò ṣe é o, àfìgbà tí obìnrin tó ń wẹ bàbá mi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ wú, mi ò sùn lóru yẹn. Ẹ ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ tún ní kí council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, wá wo irú ìtọ́jú tí Màmá nílò, wọ́n lè fún yín ní direct payment, ìyẹn owó tẹ́ ẹ máa fi sanwó fún obìnrin náà.