Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya Àgbákò, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́sìn nóòtì yín ná

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ẹ ní àwọn ọmọ JSS 3 yín ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ bí ẹni ń mu omi, àmọ́ tí ẹ bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n kà, ẹnu wọn a wọhò. Ẹ wá ń béèrè bóyá àwòrán yíyà lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an.

Ibi tí Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, ti pàdé Àgbákò, abàmì ẹ̀dá inú igbó, ni kí ẹ mú. Fágúnwà tó kọ ìwé náà ti to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ṣòkòtò awọ, ojú mẹ́rìndínlógún tó yí ìdí orí rẹ̀ ká, ejò tó ń yọ ahọ́n lára rẹ̀. Ẹ pín bébà, kí wọ́n yà á. Ẹ má fún ẹwà àwòrán ní máàkì o. Ohunkóhun tí ọmọ bá yà, kó kọ gbólóhùn inú ìwé tó ti rí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan ní kíláàsì mi fi ìwo sí Àgbákò lórí. Mo ní kó fi ìwo náà hàn mí nínú ìwé. Ó wá a títí, kò rí i, àmọ́ ó bá ejò tó ti fò kọjá tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìwé kíkà gan-an nìyẹn.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ àwọn aláyẹ̀wò! Ọ̀kan wọlé bá wa níbi tí a tẹ́ káàdíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ sí. Ó ní ṣé kíláàsì Yorùbá rèé àbí ibi eré. Mo na àwòrán kan sí i pé kó ka ohun tí ọmọ kọ sí i, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gba lẹ́sìn nóòtì mi, ó rí àwòrán lábẹ́ ohun èlò, ó ní kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kó wà, ló bá ń bú mi lójú àwọn ọmọ. Kúérì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti ń yin iṣẹ́ náà kò la ẹnu. Wọ́n ní ká ká àwọn àwòrán náà kúrò lára ògiri, àwọn ọmọ tó yà wọ́n ló sì bá mi ká wọn. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ rárá nínú wọn bi mí pé, “Kí la ṣe?” Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tí kò di ṣọ́ọ̀kì mú mọ́ láti ọdún gbọọrọ ló ń sọ bí ọmọ ṣe ń kàwé!

Nítorí náà, abẹ́ èròǹgbà ni kí ẹ kọ ọ́ sí: akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi gbólóhùn inú ìwé ti ohun tó yà lẹ́yìn. Kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i kí ẹ tó wọ kíláàsì.

Ẹ má gba owó ọ̀dà lọ́wọ́ òbí o, wàhálà ni. Èédú àti ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó. Ẹ má jẹ́ kí fóònù wọlé, wọ́n á da egúngún inú fíìmù kọ. Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán sínú ìtumọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Ṣóyínká ṣe lọ́dún 1968. Ẹ má fi hàn wọ́n títí tiwọn yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí Fágúnwà sílẹ̀, kí wọ́n bá Onobrakpeya jiyàn.