Ṣé ìgbín kéékèèké inú kànga wa ní Sùúrùlérè ni irú èyí tó ń gbé inú omi abẹ́ ilẹ̀ ní Jámánì?

Rárá o, kì í ṣe òun. Bythiospeum ni àwọn onímọ̀ ń pe tọ̀hún. Gúúsù Jámánì, Austria àti Switzerland ló wà, nínú omi tútù tó ń ṣàn gba inú pàlàpálá òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀. Bíi mìlímítà 2 sí 4 ló ga, ìkarahun rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, kò sì lójú rárá. Kí ló fẹ́ fojú ṣe nínú òkùnkùn biribiri? Ìkarahun òfìfo tí ìsun omi gbé jáde ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí, wọn kì í sábà rí i láàyè.

Ilẹ̀ Èkó ní tiwa, iyanrìn àti amọ̀ ni, omi kànga wa kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí kànga yín kò bá ní ìdérí, òkè ni ìgbín yẹn ti wọlé: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àgbàrá òjò tàbí ewéko tó lẹ̀ mọ́ korobá tí ẹ fi ń fa omi ló gbé e wá.

Ẹ fi ṣíbí bu ọ̀kan. Ẹ gbé ṣóńṣó rẹ̀ sókè, kí ẹnu ìkarahun kọjú sí yín. Bí ẹnu náà bá wà lápá òsì, ó lè jẹ́ Bulinus, èyí tí kòkòrò àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ máa ń dàgbà sí nínú. Awọ ara ni kòkòrò yẹn ń gbà wọlé, nítorí náà ẹ má fi omi náà wẹ ọmọ títí ẹ ó fi mọ̀. Ti mímu, ẹ sè é kó hó dáadáa.